Ẹ Má Ra Cipro Méjì

"Dókítà, ẹ bá mi gé Cipro méjì." Ohun tí màmá kan wí nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan nítòsí Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́. Ẹni tí wọ́n ń pè ní dókítà (ọjà ló ń tà, ká má parọ́) fi sísọ́ọ̀sì gé káàdì Cipro, oògùn tó ń pa bakitéríà, ó fi bébà wé e, ó gba owó. Àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀.

DNA kòkòrò bakitéríà (okùn tó gbé ìlànà ìwàláàyè rẹ̀) gùn, ó sì lọ́ mọ́ra. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ gyrase ló ń gé e, tó ń tú u, tó sì ń so ó padà. Bí gyrase bá ti gé e tán, Cipro á dì mọ́ ọn, kò ní lè so ó mọ́. Okùn já.

Ṣùgbọ́n kòkòrò náà ní oníṣẹ́ tirẹ̀. Nínú E. coli (bakitéríà kan tó ń gbé inú ìfun), RecBCD á mú ojú ibi tó já, á tún un ṣe. RecA á wá ẹ̀dà DNA mìíràn tó bá a mu láti fi tún un so. Bí ọgbẹ́ bá pọ̀, LexA tó ń dé SOS (ètò pàjáwìrì kòkòrò náà) mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìkòkò á gé ara rẹ̀ sí méjì. SOS wá jí. Ó ń kó adàwékọ DNA tí kì í wo ohun tó ń kọ jáde. Àṣìkọ kan lè bọ́ sórí gyrase gan-an, Cipro ò sì ní rí ibi dì mọ́ mọ́. Cipro méjì yẹn tó láti ṣe kòkòrò léṣe, kò tó láti pa á.

Lọ́dún 2005, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe é kí LexA má lè gé ara rẹ̀. E. coli tó wà lára èkúté kò lè di ẹni tí Cipro ò ràn mọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń wá oògùn tí yóò gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ kòkòrò nìyẹn.

Ẹ má rò pé oògùn bẹ́ẹ̀ yóò dá iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí kò fara gbọgbẹ́, kí ló fẹ́ fi oníṣẹ́ egbò ṣe? Ẹ̀gbẹ́ Cipro ni yóò máa rìn. Ẹ má sì rò pé ó kàn ní ká dínà gbogbo àtúnṣe: RAD51, oníṣẹ́ àtúnṣe inú ara tiwa, jọ RecA, nítorí náà RecBCD, tí àwa ò ní, dára jù láti dojú kọ. Oògùn yẹn kò tíì dé ọjà: bí ẹnikẹ́ni bá ń tà á ní ọjà Ìsìkàn báyìí, ẹ sá.

Ẹ má fi mílíìkì tàbí oògùn inú tó ní magnesium gbé Cipro mì. Ara ò ní gbà á tán. Èyí tó ṣẹ́kù sínú pọ́ọ̀sì yín ńkọ́? Ẹ má fún ọmọ tó ń ṣe kátáà. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà ń fa kátáà, fáírọ́ọ̀sì ò sì ní gyrase.