Mímu Ọtí Lẹ́nu Iṣẹ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Agbọ́tí

"Bu kan fún ara rẹ, èmi ni mo máa sanwó ẹ̀." Agbọ́tí tí kò bá tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nídìí káńtà ni. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀yàyà ló jọ. Oníbàárà fẹ́ràn rẹ, ojú ń tì ọ́ láti kọ̀ fún un, o gbé e mì. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló máa wọlé lálẹ́ yẹn. Bí èèyàn 6 bá ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 4, ife 6 ló ti wọnú rẹ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tí àwọn yòókù ti rà fún ọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Bí ọtí líle bá jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ tó ìdá 40 nínú 100, mìlílítà 44 péré nínú rẹ̀ ti gbé nǹkan bíi gíráàmù 14 ògidì ọtí. Iye yẹn náà ló wà nínú mìlílítà 350 bíà tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5. Ó máa ń gba ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn tó wákàtí kan, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó palẹ̀ irú ìwọ̀n kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ mọ́. Kọfí ò lè mú un yára, omi tútù tí o bù sójú ò lè mú un yára. Bí o kò bá sì tíì jẹun kí o tó wọṣẹ́, bó ṣe sábà máa ń rí fún wa, kíákíá ló máa gun orí.

"Ọtí kì í tètè pa mí." Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ohun tí a kò rò ni pé kì í ṣe ẹsẹ̀ lọtí kọ́kọ́ ń mú. Làákàyè ló kọ́kọ́ ń mú. Ẹni tí ọtí ń pa lo wá fi ṣe adájọ́ bóyá ọtí ń pa á.

Nílé ọtí kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo ti gba ife mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn kan tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Èrò pọ̀, mi ò rí ohun tí a fi ń bu yìnyín, mo bá ti gíláàsì bọ inú àpótí yìnyín. Ó dún ṣá. Etí rẹ̀ ti fọ́. Gbogbo agbọ́tí ló mọ̀ pé tí gíláàsì bá fọ́ sínú yìnyín, gbogbo yìnyín ọ̀hún di dídànù nìyẹn: omi gbígbóná la fi ń yọ́ ọ, ká tó fọ àpótí náà, torí ojú ò lè ya àfọ́kù sọ́tọ̀ lára yìnyín. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo kàn mú èyí tí mo rí kúrò ni, mo ń bù lọ. Ẹnìkejì mi nídìí káńtà ló sáré fi ara dí àpótí náà, tó gba ife mẹ́rin padà níwájú àwọn èèyàn. Ẹsẹ̀ mi ò gbọ̀n, ahọ́n mi ò wúwo. Ká ní ẹnìkan bi mí nígbà yẹn ni, ǹ bá ní ojú mi dá ṣáká.

Àwọn kan máa ń fi ife tíì bo tiwọn, wọ́n á ní vodka kì í rùn. Irọ́ ni. Ọtí tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró jáde pẹ̀lú èémí. Báwo lo ṣe fẹ́ fi ẹnu bẹ́ẹ̀ sọ fún oníbàárà pé tiẹ̀ ti tó? Iṣẹ́ wa sì nìyẹn: lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ọ̀mùtí bá ṣe léṣe lè pe ilé ọtí tó ta ọtí fún un lẹ́jọ́.

Ti títọ́wò yàtọ̀. Sìtúrọ́ọ̀ ni wọ́n ń kì bọ ọtí tí wọ́n pò, wọ́n á fi ìka dí orí rẹ̀, wọ́n á kán ìwọ̀nba sórí ahọ́n. Ààbọ̀ ife kì í ṣe ìtọ́wò.

Bí wọ́n bá fẹ́ ra ọtí fún ọ, sọ pé o kì í mu lẹ́nu iṣẹ́, pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ọ́ lóore, kí wọ́n fi owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Má da omi sí ife kí o gbowó ọtí lé e. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n, olè ni mo pè é.

Ilé iṣẹ́ mìíràn máa ń fún òṣìṣẹ́ ní ẹyọ ọtí kan lẹ́yìn iṣẹ́. Kò burú, àmọ́ ọ̀pọ̀ ń mu ún kí wọ́n tó ka owó, owó á wá dín, àlàyé ò ní sí. Ka owó, fọwọ́ sí ìwé, ti ilẹ̀kùn, kí o tó ṣí tìrẹ. Bó bá jẹ́ ìwọ lo máa wa mọ́tò relé, má ṣí i rárá.