Kí Ọlọ́dẹ Náà Lè Rí I: Bí A Ṣe Ń Fi Wáyà Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Gbé Àwòrán Kámẹ́rà Dé Ẹnu Géètì

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti onílé

Ọ̀pọ̀ oko adìẹ àti oko ẹja ni mo ti dé tí wọ́n ti ná owó gidi sórí kámẹ́rà. Kámẹ́rà mẹ́jọ, DVR tó ń gba àwòrán pamọ́, tẹlifíṣọ̀n kan lórí tábìlì nínú ọ́fíìsì. Ilẹ̀ á ṣú, ọ̀gá á ti ọ́fíìsì pa, á gba ilé lọ. Ọlọ́dẹ á jókòó sẹ́nu géètì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè rẹ̀, kò sì ní rí ẹyọ kan nínú ohun tí kámẹ́rà mẹ́jọ yẹn ń rí. Ìgbà tí wọ́n bá kó adìẹ lọ tán ni wọ́n á tó jókòó ti àwòrán, tí wọ́n á máa wo bí olè ṣe fo ògiri wọlé. Ẹni tó lè figbe ta lóru ọjọ́ náà gan-an ni wọn ò jẹ́ kó rí i.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí àwòrán inú ọ́fíìsì yẹn ṣe lè hàn lójú tẹlifíṣọ̀n kejì nínú ilé ọlọ́dẹ, bí ibẹ̀ tilẹ̀ jìnnà tó mítà 30 tàbí 50, kódà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100. Ọ̀nà kan náà ni onílé lè fi gbé àwòrán dìkódà láti pálọ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Kì í ṣe iṣẹ́ awo, àmọ́ ó ní ibi tó ti máa ń bàjẹ́, ibẹ̀ ni a ó sì dúró pẹ́ sí.

Wáyà HDMI ò lè rin ọ̀nà jíjìn

Ọ̀nà kúkúrú ni wọ́n ṣe wáyà HDMI fún, láti DVR dé tẹlifíṣọ̀n tó wà nítòsí rẹ̀. Tó bá ti kọjá mítà 10 sí 15, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, á máa ta kóró funfun-funfun, tàbí kí ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú pátápátá. Àwòrán 4K, èyí tó mọ́ kedere gan-an, kì í tilẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀.

Wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, èyí tí wọ́n ń pè ní Cat5e tàbí Cat6, yàtọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lọ́ wọn pọ̀ ní méjì-méjì. Lílọ́ yẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀. Bí ariwo iná mànàmáná bá kan ọ̀kan nínú méjì, yóò kan èkejì bákan náà. Àpótí tó wà ní ìpẹ̀kun wáyà á yọ ohun tó bá méjèèjì dọ́gba kúrò, èyí tó bá ṣẹ́kù ni àwòrán yín. Nítorí náà la fi ń ra àpótí méjì: èyí tí wọ́n kọ TX sí lára máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ DVR, òun ló ń rán àwòrán lọ, èyí tí wọ́n kọ RX sí máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ọlọ́dẹ, òun ló ń gbà á. Wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀.

Àpótí wo la máa rà?

Oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n sábà máa ń kọ mítà 50 tàbí 60 sí lára páálí rẹ̀. Orí Cat6 tó dára ni wọ́n ti wọn iye yẹn. Lórí Cat5e, ó lè má ju mítà 30 lọ. Èmi máa ń yọ ìdá mẹ́ta iye tí wọ́n kọ sí páálí kúrò kí n tó ṣe ìpinnu. Bí wọ́n bá kọ 60, mo gbà pé 40 ni.

Oríṣi kejì ń sọ àwòrán di bí dátà íntánẹ́ẹ̀tì kó tó rán an. Wọ́n máa ń pè é ní IP extender, páálí rẹ̀ sì sábà máa ń kọ mítà 120. Ó lè gba inú switch, àpótí tó ń so ọ̀pọ̀ wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pọ̀, kọjá, TX kan sì lè fún RX méjì tàbí mẹ́ta ní àwòrán. Àwòrán rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ò sì ṣe nǹkan fún ọlọ́dẹ. Tí géètì yín bá ju mítà 40 lọ, èyí ni kí ẹ rà.

Ẹ̀kẹta ni HDBaseT, tí LG, Samsung, Sony Pictures àti Valens para pọ̀ gbé jáde ní 2010. Ó ń gbé àwòrán dé mítà 100 láìpẹ́ rárá. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti gbọ̀ngàn ìpàdé ló yẹ. Owó rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹnu géètì oko. Ẹ fi owó yẹn ra oúnjẹ adìẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹnu àpótí oríṣi àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta jọ ẹnu router gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ kì wọ́n bọ router tàbí switch. Bí switch náà bá jẹ́ PoE, èyí tó ń fi iná ránṣẹ́ sí kámẹ́rà nínú wáyà, ó lè jó àpótí yín lójú ẹsẹ̀. Láti àpótí sí àpótí ni wáyà wọn gbọdọ̀ lọ tààrà.

Òmíràn wà tó ní ihò USB, tó lè gbé mọ́ọ̀sì náà dé ẹnu géètì. Mi ò gbà yín níyànjú láti rà á. Kí ọlọ́dẹ máa wo àwòrán, ó tó. Ẹni tó bá ní mọ́ọ̀sì DVR lọ́wọ́ lè pa àwòrán rẹ́, kò sì dára ká gbé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ síwájú òṣìṣẹ́ tó ń dá wà lóru.

Wáyà gan-an ni iṣẹ́

Mo ti bá wọn ṣe é ní oko adìẹ kan lẹ́bàá Ìkirè. Mítà 52 ni a gbẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ le bí òkúta. A ri wáyà, a kó erùpẹ̀ padà, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí a tan iná, àwòrán ò jáde. A pààrọ̀ àpótí lẹ́ẹ̀mejì, ibì kan náà la wà. Ìgbà tí mo wá fi abẹ ha wáyà ni mo rí i pé funfun ló wà nínú. Alumíníọ̀mù ni, bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n kàn fi bò ó, wọ́n sì kọ Cat6 gàdàgbà sí ara rẹ̀. Gbogbo kòtò yẹn la tún gbẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó gbẹ́ ẹ ò bá mi jà, ṣùgbọ́n ojú tì mí, nítorí pé ìṣẹ́jú méjì péré ni mo fi máa mọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yẹ wáyà wò lọ́jà kí ẹ tó sanwó. Ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi abẹ ha ọ̀kan nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ náà títí dé inú. Bàbà gidi pupa délẹ̀délẹ̀. Alumíníọ̀mù á fi funfun hàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn ní ibì kan: alumíníọ̀mù tètè máa ń kán. Wọ́n tún máa ń kọ CCA sára irú wáyà bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé ẹ ò lè gé e wò, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Páálí tó kún máa ń jẹ́ mítà 305. Bí ẹ bá mọ aládùúgbò tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ pawó pọ̀ ra páálí kan.

Wáyà aláwọ̀ eérú tàbí búlúù tí wọ́n ń lò nínú ọ́fíìsì ò lè fara da oòrùn, ara rẹ̀ á gbẹ, á sán. Èyí tó dúdú, tí wọ́n ṣe fún ìta, ni kí ẹ rà.

Kí ẹ tó gbẹ́ kòtò

Ẹ má fi ojú díwọ̀n ọ̀nà. Ẹ na okùn gba ibi tí wáyà máa gbà gan-an, yí igun ilé po, sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, gòkè dé ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà, kí ẹ tó wọn okùn náà. Ibi tí ojú ń pè ní mítà 35 sábà máa ń di 48. Ẹ fi mítà 2 sí 3 kún un ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ ká a ní fífẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Ẹ má dì í pinpin bí okùn ewúrẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kan: DVR, TX, wáyà náà ní gígùn tó máa jẹ́ nínú ilẹ̀, RX, tẹlifíṣọ̀n. Ẹ so wọ́n, ẹ tan wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ó kéré tán. Bí àwòrán bá dúró gbọn-in lórí tábìlì, á dúró nínú ilẹ̀, bí ẹ ò bá pa wáyà lára níbi tí ẹ ti ń rì í. Bí kò bá dúró lórí tábìlì, kò sí kòtò tó máa tún un ṣe.

Títò orí RJ45, ìyẹn orí wáyà tó ń wọ ẹnu àpótí, máa ń kó ìdààmú bá ènìyàn ní àkọ́kọ́. Ìpẹ̀kun méjèèjì gbọdọ̀ rí bákan náà. Bí ẹ bá kọ ibi tí wúrà-wúrà orí náà wà sójú yín, tí ìkọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Ẹ má tú lílọ́ wáyà ju nǹkan bíi mílímítà 13 lọ kí ẹ tó kì í bọ orí. Ẹni tó tú u gùn nítorí kó lè rọrùn láti tò, ọgbọ́n tó ń lé ariwo lọ ni ó tú dànù. Ẹ fi tester kékeré yẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò. Ẹ ò sì gbọdọ̀ so wáyà mọ́ wáyà lágbedeméjì. Bó bá kúrú, ẹ ra òmíràn.

Nínú ilẹ̀

Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 45, kó tún jìn sí i níbi tí ọkọ̀ ń gbà. Inú páìpù PVC ni kí wáyà gbà, nítorí òkété àti ẹnu ọkọ́. Ẹ fi okùn kan sílẹ̀ nínú páìpù náà, ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fa wáyà míì. Ẹ dí ẹnu páìpù méjèèjì kí èèrà àti eku má bàa wọlé. Wáyà iná NEPA àti wáyà yìí ò gbọdọ̀ gba inú páìpù kan náà. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 30 sáàárín wọn. Bó bá di dandan kí wọ́n pàdé, kí ọ̀kan dá èkejì kọjá ní ìbú, kí wọ́n má rìn pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ààrá tún wà níbẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wáyà bàbà tó so ilé méjì pọ̀ lè gbé agbára mànàmáná wọ inú DVR àti tẹlifíṣọ̀n, bí ààrá ò tilẹ̀ sán lu ilé yín gan-an. Bí òjò bá ti ń ṣú, kí mànàmáná tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ẹ yọ orí wáyà náà kúrò lára TX àti RX. Ẹ kọ́ ọlọ́dẹ kó lè yọ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Níbi tí ààrá ti ń sán ṣáá, àpótí tó ń lo fáíbà onígíláàsì ló dára jù, nítorí gíláàsì kì í gbé iná.

Iná tí wọ́n ń jẹ

Àpótí kékeré wọ̀nyí kì í jẹ iná púpọ̀. Èyí tó ń lo fóòtì 5 àti áńpù 1 kò lè ju wáàtì 5 lọ. Bí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu géètì bá ń jẹ wáàtì 25, àpapọ̀ ibẹ̀ jẹ́ wáàtì 30. Láti aago méje alẹ́ dé mẹ́fà àárọ̀, wákàtí 11, ó di wáàtì-wákàtí 330. Bátìrì ásíìdì fóòtì 12, áńpù-wákàtí 100, tí a lo ìdajì rẹ̀, ń fúnni ní nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 600. Ó tó, kódà bí ínfátà bá jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ bí NEPA bá mú iná lọ tí DVR àti kámẹ́rà náà ò sì ní bátìrì tiwọn, ojú tẹlifíṣọ̀n òfìfo ni ọlọ́dẹ máa wò. Apá yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Fún àwọn tó fẹ́ gbé dìkódà lọ sí yàrá

Iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ bèèrè pé kí àpótí náà gba HDCP, ìyẹn títì tí iléeṣẹ́ ètò tẹlifíṣọ̀n fi sára àwòrán wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìkànnì kan á hàn, òmíràn á dúdú. Ẹ tún wò bóyá TX ní ihò HDMI kejì, kí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ má bàa pàdánù àwòrán tirẹ̀. Okùn ojú rìmóòtù méjì máa ń bá a wá: èyí tó ń gba iná rìmóòtù, ẹ fi sínú RX nínú yàrá, èyí tó ń tan iná náà, ẹ fi sínú TX, kí ẹ sì lẹ ojú rẹ̀ mọ́ iwájú dìkódà. Bí ẹ bá ṣe é ní òdì, rìmóòtù ò ní ṣiṣẹ́. Kí gbogbo ará ilé sì ti mọ̀ pé dìkódà kan ṣoṣo ni: bí Màmá bá yí ìkànnì padà nínú yàrá, bọ́ọ̀lù tí Bàbá ń wò ní pálọ̀ náà ti lọ nìyẹn.

Bí àwòrán ò bá jáde

Ẹ wo iná ara àpótí méjèèjì. Bí RX ò bá rí TX, wáyà tàbí orí RJ45 ni ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá rí ara wọn tí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣì dúdú, ó ṣeé ṣe kí DVR máa rán àwòrán tó ju agbára tẹlifíṣọ̀n ẹnu géètì lọ. Ẹ lọ sínú DVR, ẹ dín in kù sí 1920×1080; bí tẹlifíṣọ̀n náà bá ti pẹ́, sí 1280×720. Kóró funfun tó ń ta lójú àwòrán, ọ̀nà ti gùn jù ni tàbí wáyà iná wà nítòsí, dídín àwòrán kù sì máa ń ran èyí náà lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń ṣẹ́jú, ẹ wo ibi tí wáyà rẹ̀ gbà.

Ẹ ya àwòrán ọ̀nà tí páìpù gbà sórí bébà, ẹ kọ iye mítà rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ri wáyà náà sí i. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ẹ fún ọlọ́dẹ ní èkejì, kó lè fi han ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ́ wá síbẹ̀ láti gbin nǹkan.