Bí A Ṣe Lè Fa Ọgbọ́n Ọnà Yọ Lára Dáṣíbọ́ọ̀dù àti Géèjì Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ya ojú aago, ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ojú ẹ̀rọ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tètè kà lè rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́ lára dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1930 sí 1975. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó níbẹ̀ ni òrùka irin dídán, ìṣó ayédèrú àti gíláàsì tó ń kọ mọ̀nà, wọ́n sì ń fi ìdí tí géèjì, ìyẹn ohun tó ń fi eré ọkọ̀ tàbí iye epo han awakọ̀, fi rí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ ni pé kí a kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí apá kọ̀ọ̀kan ń ṣe kí a tó yá a lò.

Ẹ kọ́kọ́ kó àwòrán tí wọ́n yà láti iwájú gan-an jọ, nítorí pé èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ kì í jẹ́ kí a rí bí géèjì kan ṣe tóbi ju èkejì lọ. Ẹ má sì kó ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Porsche 911, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ayé ní ọdún 1963, ní géèjì márùn-ún tó tò sójú ìlà kan. Mini ti ọdún 1959 ní ẹyọ kan ṣoṣo ní àárín dáṣíbọ́ọ̀dù. Jaguar E-Type ti ọdún 1961 to súìṣì sábẹ́ àwọn géèjì kéékèèké. Mercedes-Benz 220 ti ọdún 1959 sì ń fi eré hàn pẹ̀lú òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró lóòró dípò ojú roboto. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pẹ́ńsù tún ọ̀kọ̀ọ̀kan yà láìlo àwọ̀, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ rò pé apá kọ̀ọ̀kan fi wà níbi tó wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá rí ìdí kankan kọ sí, ẹ má yá a.

Ìtóbi ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ yá. Nínú 911, géèjì tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan ló tóbi jù, òun ló sì wà láàárín, èyí tó ń sọ eré ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mini kì géèjì epo bọ inú ojú géèjì eré. E-Type ní tirẹ̀ gbé géèjì méjì tó dọ́gba síwájú awakọ̀, ó sì sún ti ọ́ìlì, ti omi, ti epo àti ti iná bátìrì sí àárín dáṣíbọ́ọ̀dù. Nítorí náà, kí ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ kọ gbogbo ohun tí òǹkàwé ní láti mọ̀ sílẹ̀, ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe pàtàkì sí, kí ẹ sì fún ọ̀kan, tàbí ó pọ̀ jù méjì, ní àyè ńlá. Bí mẹ́ta bá ń du àyè yẹn, a jẹ́ pé ẹ kò tíì pinnu ohun tí iṣẹ́ náà wà fún.

Abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka sí nọ́ńbà lójú géèjì ni mo fẹ́ kí a pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Àwọn tó ń to ọkọ̀ ìdíje máa ń yí ojú géèjì po nínú ihò rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ yóò fi kọjú sí òkè gan-an nígbà tí nǹkan bá wà bó ṣe yẹ. Nọ́ńbà lè wá dàbí èyí tó dorí kodò, kò ba nǹkan jẹ́: awakọ̀ tó ń sáré kò ráyè kà á, ó kàn ń wò ó bóyá gbogbo abẹ́rẹ́ nàró. Èyí tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń ké gbàjarè. Bí ẹ bá ń ya ojú-ìwé tó ń fi iye mẹ́fà tàbí mẹ́jọ hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ṣètò ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí ipò tó dára yóò fi bọ́ sí ibì kan náà nínú gbogbo wọn, bí òṣùwọ̀n wọn tilẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ tún kíyè sí bí abẹ́rẹ́ ṣe ń rìn. Nínú irú géèjì eré tí Otto Schulze gba ẹ̀tọ́ àwárí rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1902, okùn irin tó wá láti ara gíá ló ń yí òòfà kan. Òòfà náà ń fa ife alumíníọ̀mù tí kò fara kàn án, sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń fa ife náà padà. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni abẹ́rẹ́ ń dúró sí. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára òòfà náà ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà, ìdí nìyẹn tí àlàfo àárín àwọn àmì fi dọ́gba. Géèjì epo nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn ọdún 1960 yàtọ̀: irin oríṣi méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí iná ń mú gbóná, ló ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó sì ń ti abẹ́rẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ó máa jó bí epo ṣe ń mì nínú táǹkì. Ọgbọ́n ni mo ka ìjáfara yìí sí. Bí nọ́ńbà inú iṣẹ́ yín bá ń yí padà léraléra, ẹ fi ìpíndọ́gba rẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀ hàn, kí ojú lè rí nǹkan dì mú.

Ní ti àmì, gígùn mẹ́ta ti tó: èyí tó gùn jù fún 20, èyí tó tẹ̀ lé e fún 10, èyí tó kúrú jù fún 5, kí nọ́ńbà sì wà lára èyí tó gùn jù nìkan, níbi tí abẹ́rẹ́ kò ti ní bò ó. Funfun lórí dúdú ni ọ̀pọ̀ géèjì tí ilé iṣẹ́ Smiths ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní àwọn ọdún 1960, n kò sì tíì rí èyí tó ṣeé kà jù ú lọ. Ẹ fún abẹ́rẹ́ ní àwọ̀ tí kò sí níbòmíràn nínú iṣẹ́ náà. Lẹ́tà DIN 1451, tí Jámánì sọ di òṣùwọ̀n ní ọdún 1936, bá irú ojú báyìí mu.

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ èyí tí wọn yóò máa wò lóru, ẹ lo iná pupa tó rẹlẹ̀, torí kì í tètè ba ojú tó ti mọ́ òkùnkùn lára jẹ́ bí iná funfun. Chrysler ti ọdún 1960 gba ọ̀nà mìíràn: kò sí gílóòbù, ojú géèjì fúnra rẹ̀ ló ń tàn nígbà tí iná mànàmáná bá gba inú rẹ̀ kọjá. Mo gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan kún un fún ẹni tó bá fẹ́ ra géèjì àtijọ́ gidi láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n fi ọ̀dà rédíọ́ọ̀mù kun abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà àwọn kan lára wọn kí ó lè máa tàn lókùnkùn. Bí kò bá tilẹ̀ tàn mọ́, ìtànṣán tó léwu ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ẹ má ṣí i, ẹ má sì ha á.

Ohun ọ̀ṣọ́ ló kù, kò sì yẹ kó gba àkókò púpọ̀. Ìbòrí tó yọ síta lórí géèjì wà láti dí oòrùn lọ́wọ́. Lórí ojú fóònù, òjìji ìbòrí tí ẹ yà kò dí nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí adùn àtijọ́ wà níbẹ̀ dandan, ẹ mú ẹyọ kan, bí àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọnà tó wà lára alumíníọ̀mù dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn E-Type àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi sí ibi tí a kì í ka nǹkan.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun, ẹ gbé e jìnnà tó ìwọ̀n apá kan, kí ẹ sì fi han ẹni tí kò rí i rí fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bó bá lè sọ bóyá nǹkan wà bó ṣe yẹ, iṣẹ́ parí. Citroën CX ti ọdún 1974, tí nọ́ńbà eré rẹ̀ wà lára ìlù kékeré tó ń yí lẹ́yìn gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, lẹ́wà púpọ̀ lójú mi, ṣùgbọ́n àfi kí ènìyàn ka nọ́ńbà náà gan-an, mi ò sì rò pé yóò yege nínú ìdánwò yìí. Bí tiyín náà kò bá yege, ẹ kọ́kọ́ yọ àmì tó kúrú jù kúrò, lẹ́yìn náà ohun ọ̀ṣọ́, kí ẹ sì tún un dán wò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.