Òkété Lẹ́yìnkùlé: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Ilé Jẹ́ Ju Òkété Fúnra Rẹ̀ Lọ

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan ní Ìbàdàn, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tútù lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Ẹ̀gẹ́ méjì ti dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo fà wọ́n tu, àjẹkù ni mo bá nísàlẹ̀. Ihò tó wà níbẹ̀ tóbi débi pé ìkúùkù mi wọ̀ ọ́ láìfún. Gbogbo ẹni tí mo pè wá wò ó ló ní òkété ni, olúkúlùkù sì ní oògùn tirẹ̀: ẹnìkan ní kí n rọ omi sí i, ẹnìkan ní bẹntiróòlù, ẹnìkan ní oògùn eku. Omi ni mo yàn. Kí òjò ọdún náà tó dá, fẹ́ǹsì wa ti wó sínú ọgbà bàbá tó múlé tì wá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí ohun tí à ń ṣe sí òkété ní àdúgbò wa. Ẹ̀gẹ́ díẹ̀ àti àgbàdo díẹ̀ ni òkété ń jẹ. Ohun tí à ń ṣe láti fi lé e ló ń wó ògiri, tó ń pa ajá, tó ń ba omi kànga jẹ́, tó sì ń gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn.

Kíki ọwọ́ bọ ihò tí a kò mọ ẹni tó ni ín

Kì í ṣe gbogbo ihò ni ihò òkété. Ẹmọ́ ń gbẹ́ ihò, akàn ń gbẹ́ ihò níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀. Ọ̀pọ̀ ejò kì í sì í gbẹ́ tiwọn rárá, ihò onílé tó ti kó lọ ni wọ́n ń wọ̀. Ihò tí òkété fi sílẹ̀ tutù, ó ṣókùnkùn, ó sì dára fún paramọ́lẹ̀ àti àkekèé. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ, pàápàá àwọn tó fẹ́ràn láti máa wá ẹran kiri nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi.

Òkété ju eku ilé lọ fíìfíì. Ó lè wọ̀n tó kílò kan, òmíràn a tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ìrù rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀: apá tó kángun sí ara dúdú, apá tó kángun sí òpin funfun. Òru ló ń jáde, torí oòrùn gbígbóná kò bá a lára mu. Lẹ́nu ihò rẹ̀ ẹ ó rí èèpo ẹyìn, èkùrọ́ tí wọ́n ti fọ́, ìkarahun ìgbín. Bí kò bá dá yín lójú pé ẹnikẹ́ni ṣì wà nínú ihò, ẹ wá gbogbo ẹnu ọ̀nà tó wà láyìíká, kí ẹ fi ewé gbígbẹ dí wọn wẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tí ewé rẹ̀ bá ti ṣí ní àárọ̀ ni nǹkan ń gbà kọjá.

Omi àti sìmẹ́ǹtì

Mo fa rọ́bà láti ìdí táǹkì, mo tì í bọ ihò, omi sì ń lọ fún bíi wákàtí méjì. Ihò náà kò kún. Mo rò pé omi kò tíì tó ni, mo tún ṣe é ní ọjọ́ kejì.

Ihò òkété kì í ṣe kòtò kan ṣoṣo. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ni. Ó ní yàrá tó ń sùn sí, ó ní àká tó ń tọ́jú oúnjẹ sí, ó ní ibi ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì máa ń ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí mo ń rọ omi sí apá ibí, òkété ti gba apá ọ̀hún jáde. Omi ní tirẹ̀ wá ibi tó rọ̀ jù lọ, ìyẹn abẹ́ ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì. Ẹ sì mọ bí a ti ń mọ fẹ́ǹsì: ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í jìn bíi ti ilé, nígbà míràn búlọ́ọ̀kù kan péré ló wọlẹ̀. Ilẹ̀ tí òkété ti gbẹ́ sófo, tí èmi náà tún wá fi omi rẹ, kò lè gbé búlọ́ọ̀kù mọ́. Òjò oṣù Kẹfà ló bì í wó. Òru ni, kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni lẹ́bàá rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ títí di òní.

Ti sìmẹ́ǹtì náà nìyẹn. Ẹni tó bá po kọ́ńkéré dí ẹnu ihò nígbà tí ẹran ṣì wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńkéré ni ẹran náà yóò gbẹ́ jáde. Dídí dára, àmọ́ ìgbà tí ihò bá ti ṣófo ni. Ẹ kọ́kọ́ rọ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù wọ inú rẹ̀, kí ẹ wá máa fi ilẹ̀ pupa gún un mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí sìmẹ́ǹtì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá borí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ẹ gbẹ́ yàrà tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ẹ ri nẹ́ẹ̀tì onírin olójú kékeré sí i, kí ẹ sì tẹ ìsàlẹ̀ nẹ́ẹ̀tì náà síta, kúrò lára ògiri. Tí ihò bá ti wọ abẹ́ ilé tí ẹ ń gbé, ẹ pe bíríkìlà kó wo ìpìlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Oògùn eku

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù.

Òkété ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Púpọ̀ nínú oúnjẹ tó bá rí, ó ń kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni, á gbé e lọ sí àká rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá po oògùn eku mọ́ gàrí tàbí ẹja gbígbẹ, apá kan nínú rẹ̀ lè wà nínú àká náà láìjẹ. Ilẹ̀ mọ́, ẹ rí i pé oúnjẹ ti tán, ẹ tún po òmíràn. Báyìí ni oró ṣe ń pọ̀ nínú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín.

Èyí tó bá sì jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn eku tó wà lọ́jà jẹ́ irú èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́, ó sì ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó pa ẹran. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, òkété ń rìn kiri láìlágbára. Ajá yín á gbé e. Òwìwí tó ń bá yín pa eku lóru á gbé e. Ọmọ aládùúgbò tó rí i tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ á fi igi lù ú, á gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Ẹran tí à ń jẹ ni òkété, wọ́n ń yan án tà lẹ́bàá ọ̀nà, kò sí ẹni tí yóò rí i kó má dúpẹ́. Irú oró yìí kì í sì í kú sínú iná. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ yan án, ibẹ̀ náà ló wà.

Ẹni tó bá fura pé òun ti jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nímú tàbí ní ìdí eyín. Kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kó sì mú páálí oògùn náà dání bó bá rí i. Àwọn dókítà ní ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, fítámì K, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń tọ́jú.

Dída òtapíapíá tàbí dichlorvos sínú ihò burú ju èyí lọ. Oògùn kòkòrò ni, a kò ṣe é fún eku, èémí rẹ̀ nìkan sì lè dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títà ìgò kékeré rẹ̀, mílílítà 100, nínú ọjà gbogbogbòò, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó. Ẹ tún rántí kànga. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà wa, kànga kò jìnnà sí fẹ́ǹsì, ohun tí ẹ bá sì dà sínú ihò jíjìn, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, níbi tí omi tí ẹ ń fi se ọbẹ̀ wà. Bí ọmọdé, ajá tàbí adìẹ bá wà nínú ọgbà yín, ẹ má fi oògùn kankan sínú ìjà yìí.

Bẹntiróòlù àti èéfín

Àwọn ọdẹ ń fín òkété nínú igbó láti ayébáyé, ajá á sì dúró lẹ́nu ihò kejì. Inú igbó nìyẹn. Nínú ọgbà ilé, ẹ ò mọ ibi tí ihò kejì yọrí sí. Ó lè jẹ́ ìdí sókàwéè, ó lè jẹ́ abẹ́ yàrá tí ọmọ aládùúgbò ń sùn. Èémí bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń rìn nínú ihò, ó sì ń kó jọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣá ìṣáná sí i kò mọ ibi tí yóò ti bú jáde. Ní àkókò ọyẹ́, tí koríko ti gbẹ, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kó wá sí yín lọ́kàn.

Pàkúté tí kò mú nǹkan kan

Ẹ̀bìtì tí kò bá peku, kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn. Àwọn tó pa òwe yẹn mọ ohun tí wọ́n ń dẹ fún eku, ẹyìn ṣì ni oúnjẹ tó dára jù láti fi dẹ òkété títí di òní. Ohun tí à ń ṣe tí pàkúté fi ń ṣófo ni pé a ń dẹ ẹ́ sí àárín gbangba, nígbà tí òkété ń fara ro ògiri rìn. Ẹyìn mìíràn sì kún abẹ́ ọ̀pẹ, kí ni yóò wá ṣe nídìí tiwa? A tún ń fi ọwọ́ lásán tò ó. Òkété ń fi imú ríran ju ojú lọ. Ìbátan rẹ̀ kan ni wọ́n ń kọ́ ní Tanzania láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù tí ogun rì sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní Cambodia, ó wá ohun abúgbàmù tó ju 100 lọ jáde, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà ní Britain ní ọdún 2020. Ẹran tó ní irú imú yẹn yóò gbọ́ òórùn ọwọ́ yín lára irin. Ẹ lo ìbọ̀wọ́.

Nínú ọgbà tí ọmọ ń ṣeré, ẹ má dẹ pàkúté eléyín. Irú èyí tó rí bí àgò, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń já, ló yẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí pẹ̀lú ẹyìn nínú rẹ̀ fún òru méjì tàbí mẹ́ta kí ó fi mọ́ ọn lára, kí ẹ tó dẹ ẹ́. Ẹ máa wò ó ní àràárọ̀.

Bí ẹ bá mú ọ̀kan, ẹ má yára yọ̀. Oyún òkété kì í ju bí oṣù kan lọ, ó sì sábà máa ń bí ọmọ bíi mẹ́rin. Ní Grassy Key, erékùṣù kan ní Florida, àwọn òkété tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn wọ́n di púpọ̀ sínú ọgbà àwọn ènìyàn. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lépa wọn ní ọdún 2007. Wọ́n rò pé ó ti tán, wọ́n tún rí òmíràn.

Ọwọ́ lásán

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òkété ló ń fa ibà Lassa. Eku kékeré kan tó ń wọ inú ilé, tó ní ọmú púpọ̀ níkùn, ni àwọn onímọ̀ mọ̀ sí i jù lọ. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òndó mọ ìyà àrùn yẹn dáadáa. Ìyẹn kò ní kí òkété má lè kó àrùn ranni. Ní ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ẹran afọ́mọlọ́mú kéékèèké láti Ghana lọ sí Amẹ́ríkà fún títà, òkété wà nínú wọn, mpox, àrùn tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, sì ti ibẹ̀ ran àwọn ènìyàn tó ju 40 lọ. Ẹ má fi ọwọ́ tó ní egbò pa á, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi òkú rẹ̀ ṣeré, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ, kí ẹ sì sè é jinná bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́. Èyí tí ẹ kò mọ bó ṣe kú, ẹ wú ilẹ̀ bò ó.

Oúnjẹ tó pè é wá

Nígbà tí bíríkìlà ń tún fẹ́ǹsì mọ, ó bi mí pé kí ni òkété ń jẹ níbí. Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí, èmi náà kò sì bi ara mi. A jọ wò yíká. Ọ̀pẹ kan wà ní kọ̀rọ̀, ẹyìn rẹ̀ ń já sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣà á. Oúnjẹ adìẹ ń sùn síta mọ́jú. Ìdọ̀tí ilé ìdáná ni a ń dà sí ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì pé yóò di ajílẹ̀. Pákó tó ṣẹ́kù nígbà tí a kọ́ ilé ṣì wà ní títò ti ògiri láti ọdún mẹ́ta, koríko sì ti bò ó. Ihò náà wà lábẹ́ pákó yẹn gan-an.

A kó pákó kúrò. A ṣa ẹyìn, a sì ń ṣà á lójoojúmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí òru tó dé bá a. Oúnjẹ adìẹ wọ inú dírọ́ọ̀mù tó ní ìdérí. Mo lọ kí bàbá tó múlé tì wá, mo bẹ̀ wọ́n nítorí ògiri tó wó lé wọn lọ́gbà, mo sì sọ fún wọn pé ẹnu ihò kejì wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọn gé koríko ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Pàkúté mú ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó mú òmíràn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn náà, ewé tí mo fi dí ẹnu ihò méjèèjì kò ṣí mọ́. Mo ka òru méje lórí rẹ̀ kí n tó rọ́ òkúta wọlé.