Yanrìn Ìṣeré Nínú Ọgbà: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe É fún Ọmọ Kéékèèké

WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí ara ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 180 lójúmọ́, kí 60 nínú rẹ̀ sì jẹ́ eré tí yóò mú un mí gúlegúle. Iyàrá kò gba irú eré bẹ́ẹ̀. Ní agboolé Pàkátà àti Òkèlélé nílùú Ìlọrin, ilẹ̀ ṣì wà fún ọmọ láti ṣeré. Ní Tánkè àti Fátè nílùú kan náà, íńtálọ̀ọ̀kù àti kọnkéré ti bo ọ̀pọ̀ ọgbà láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ fi igun kan sílẹ̀ fún yanrìn.

Apá ìlà-oòrùn ilé ló dára jù, torí òjìji ilé máa ń bọ́ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọ ti ilé ìwé dé. Ẹ má ṣe é sí ìtòsí ṣalángá tàbí sọ́kàwéè, kí ẹni tó ń dáná sì lè máa rí ibẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́fà 12 ti tó. Ẹ to mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ìparí ẹ̀gbẹ́ kan máa kan ara búlọ́ọ̀kù tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ lé e. Inú rẹ̀ yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn àti ní ìbú. Ẹ gbẹ́ inú rẹ̀ ní ínṣì 3, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì lé e kí yanrìn má bàa dà pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da yanrìn ní ínṣì 8, bíi páànù bíríkìlà 15. Àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹ da kọnkéré sísàlẹ̀: omi òjò kò ní rọ́nà lọ, yanrìn á sì máa rùn.

Yanrìn odò ni kí ẹ rà, kì í ṣe ilẹ̀ pupa tó ń le bí òkúta tó sì ń ba aṣọ jẹ́. Ẹ bu ú dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò oníke, ẹ pọn omi kún un, ẹ mì ín, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ẹrẹ̀ tó dúró lórí yanrìn bá nípọn ju ìka kan lọ, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má gba èyí tí símẹ́ǹtì ti kàn. Ó ń jó ara ọmọ.

Kí tapólíìnì máa bò ó ní gbogbo alẹ́. Ológbò fẹ́ràn láti yàgbẹ́ sínú yanrìn, aràn kan sì wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Ẹ fi réèkì yí i padà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí oòrùn ọ̀sán yá a. Ọṣẹ ni kí ọmọ fi fọwọ́ lẹ́yìn eré. Kí kànga ní ìdérí tó ní àgádágodo, kí ẹ sì da omi inú bákẹ́ẹ̀tì nù: omi díẹ̀ tó láti pa ọmọ.

Ife oníke, asẹ́ àtijọ́ àti kẹ́tùlù omi kan ló kù. Agolo ní etí tó ń gé ọwọ́. Ọmọ á kó yanrìn gbígbẹ sínú ife, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á rí i pé ó ya. Ẹ má bá a tún un ṣe. Bó bá da omi sí i, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó sì dúró, ó ti kọ́ nǹkan, ìka tí yóò fi di pẹ́ńsù mú náà sì ń lágbára.

Ìmọ́lẹ̀ ìta, kódà lábẹ́ òjìji, ju ti iyàrá lọ fíìfíì, ó sì ń dín ewu ojú tí kì í rí ọ̀nà jíjìn kù. Oòrùn ń jẹ́ kí ara ṣe fítámì D, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, àìtó kálísíọ̀mù nínú oúnjẹ ló sábà ń mú kí ẹsẹ̀ ọmọ wọ́. Ẹ fi wàrà àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun kún oúnjẹ rẹ̀.

Lóṣù kẹta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jáde lọ́sàn-án gangan. Nígbà ọyẹ́, ẹ dúró kí ara ilẹ̀ móoru, ẹ fi òrí pa ètè àti ẹsẹ̀ wọn; ọmọ tó ní ikọ́ fée máa wà nílé lọ́jọ́ tí eruku bá ṣú.