Bí a ṣe ń fi kòròfo ọta mọ ìtàn àti agbára ọta 303

Nílùú Ìbàdàn, ẹ lè bá kòròfo ọta idẹ nínú àpótí ilé tí bàbá àgbà wọn bá ti ja ogun Bọ́mà. Orúkọ ibì kan ní Bọ́mà náà ni wọ́n fi sọ bárékè Letmauk ní Mọ́kọ́lá. Ọta 303, ti ìbọn Lee-Enfield, ni àwọn ológun wa lò ní Bọ́mà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bó bá ṣí gbayawu, tí ẹ rí inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, òfìfo ni. Bí orí ọta bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí wọ́n ká ẹnu náà pa, ẹ dúró ńbẹ̀.

Ibí yìí làwọn èèyàn ti ń ṣìṣe. Wọn á yí ìdí rẹ̀ wò, wọn á rí ojú abẹ́rẹ́ lára idẹ róbótó tó wà láàrin, wọn á ní, “Wọ́n ti yìn ín, ó ti kú.” Irọ́ ni! Abẹ́rẹ́ ìbọn lè gún ọta kó má dún, kí ẹ̀tù rẹ̀ sì wà níbẹ̀ digbí. Ọjọ́ orí kì í sọ ọ́ di aláìléwu. Mo ti rí ẹni tó fi pílásì di orí ọta mú, tó ń fà á bí ẹni fa eyín. Mo sá ni tèmi. Ẹ má fà á, ẹ má lù ú, ẹ má jù ú síná, ẹ má sì tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù, torí wọ́n á yọ́ ọ pọ̀ mọ́ idẹ yòókù. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò, kí ẹ pe ọlọ́pàá. Òfin ò kúkú gba ẹni tí kò níwèé àṣẹ láyè láti tọ́jú ọta pamọ́.

Bó bá jẹ́ òfìfo, ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́. Sánpépà ò gbọdọ̀ kàn án o, á ha àmì ìdí rẹ̀ dànù. Bí àmì náà ò bá hàn dáadáa, ẹ fi ẹfun ra á, kí ẹ nu ojú rẹ̀. Èyí tó kù sínú lẹ́tà á mú un hàn. Pọ́dà ọmọdé náà ṣe é lò, àmọ́ ẹfun ni kí ẹ lò. K ni ilé iṣẹ́ Kynoch, RL ni ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Woolwich. 43 túmọ̀ sí 1943. VII ni Mark VII, irú ọta 303 tó jáde ní 1910.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Gígùn rẹ̀ máa ń tó 56 mm, ìdí rẹ̀ sì ní etí tó yọ síta, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 13.7 mm. Rúlà ilé ìwé lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọta àwọn ará Rọ́ṣíà kan ní etí bákan náà, 54 mm sì ni gígùn tirẹ̀. Ẹ yá fániyà, irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan kínníkínní, lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín: 303, ìyẹn 0.303 ínṣì tàbí 7.7 mm, ni ihò ìbọn. Orí ọta fúnra rẹ̀ tó 7.9 mm.

Ó wá ku agbára. Orí ọta Mark VII wọn 11.3 giramu, eré rẹ̀ sì jẹ́ 744 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ giramu di kílò ná, 0.0113. Ẹ fi eré náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi kílò náà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: bíi 3,127 joule, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára. Ẹni tó gbàgbé kílò á gba iye tó fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta ìbọn AK, giramu 8 lórí eré 715, jẹ́ bíi 2,045. Ẹnu ìbọn nìkan ni ìṣirò yìí wà fún. Bí ọta ṣe ń jìnnà ni afẹ́fẹ́ ń jẹ eré rẹ̀.