Bí a ṣe ń yan pátákó káìtì tí kò ní dá orúnkún lóró

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi káìtì sáré lórí omi, ìyẹn àwọn tó ń dúró lórí pátákó kí aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ gbé sókè máa fà wọ́n lọ, gbà pé fífò sókè ló ń ba orúnkún jẹ́. Fífò lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń jẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀ ni ìgbì wẹ́wẹ́ tó ń gbá ìsàlẹ̀ pátákó, gbà-gbà-gbà, fún wákàtí méjì gbáko. Lílọ́ ni ìkẹta wọn: ẹsẹ̀ kan ti bọ́ nínú ìdè tó wà lórí pátákó, èkejì ṣì há síbẹ̀, omi wá yí pátákó po. Pátákó tó máa tu orúnkún lára gbọ́dọ̀ kojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ èyí tó wọ́n jù. Àwọn pátákó olówó gọbọi ló sábà máa ń gan jù, torí pé àwọn tó ń díje tàbí tó ń fò gíga fíofío ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Bí orúnkún bá ti ń wú, tó ń há, tàbí tó ń yẹ̀ lójijì nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ lọ rí dókítà ná. Pátákó kì í wo iṣan tó ti já.

1. Ẹ yan irú pátákó

Twin tip ni èyí tí orí àti ìdí rẹ̀ dọ́gba, tó ní ìdè ẹsẹ̀ méjì, tó lè lọ sọ́tùn-ún tó sì lè lọ sósì láìjẹ́ pé ẹ yí ẹsẹ̀ padà. Òun ló wúlò fún nǹkan tó pọ̀ jù: omi tó parọ́rọ́, omi tó ń ru, fífò, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ kàn fẹ́ sáré lọ sáré bọ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ máa rà, òun ni kẹ́ ẹ rà, òun náà la sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kejì lọ.

Pátákó ìgbì ní orí, ó ní ìrù, ó nípọn, púpọ̀ èèyàn sì ń gùn ún láìsí ìdè ẹsẹ̀ rárá. Bí ẹ bá ṣubú, pátákó a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ yín a gba tirẹ̀. Fún orúnkún tó ti lọ́ rí, ó lè sàn ju twin tip lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń pẹ́ kí èèyàn tó mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ nígbà tó bá ń ṣẹ́rí padà. Foil ní tirẹ̀ ní òpó àti ìyẹ́ lábẹ́ omi. Bó bá ti gbéra, ìgbì kò kan pátákó mọ́, orúnkún a sinmi. Ṣùgbọ́n èèyàn á ti ṣubú lórí òpó àti ìyẹ́ yẹn léraléra kó tó mọ̀ ọ́n gùn, ìṣubú ọ̀hún kì í sì í ṣe eré.

2. Ẹ wọn ara yín, kẹ́ ẹ tó wọn pátákó

Ìwọ̀n ara ló ń pinnu títóbi pátákó; gíga èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan níbí. Fún twin tip tó wà fún gbogbo iṣẹ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Ẹni tí kò tó kílò 60: gígùn sẹ̀ǹtímítà 130 sí 134, fífẹ̀ 38 sí 39.
Kílò 60 sí 75: gígùn 134 sí 138, fífẹ̀ 39 sí 41.
Kílò 75 sí 90: gígùn 138 sí 142, fífẹ̀ 41 sí 42.
Ẹni tó ju kílò 90 lọ: gígùn 142 sí 147, fífẹ̀ 42 sí 44.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan ń ra èyí tó kéré jù torí ó rọrùn láti yí, ó sì fúyẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ díẹ̀, pátákó a fẹ́ rì, gbogbo ìwúwo ara a wá dà sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, orúnkún ẹ̀yìn náà la ó sì fi jìyà. Àwọn kan sì ń ra pátákó tí wọ́n ṣe fún ìgbà tí afẹ́fẹ́ kò bá lágbára, àwọn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 150 sí 165, wọ́n fẹ́ máa lò ó lójoojúmọ́. Irú yẹn fẹ̀, ó sì tẹ́. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti le, ìgbì a máa gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń gbá ìlù, etí rẹ̀ a sì máa kọ̀ láti wọ omi. Ẹ̀yin lẹ máa na ẹsẹ̀ gbọọrọ láti fi tì í wọlé, ẹsẹ̀ tó nà gbọọrọ kò sì lè gba ìgbì mọ́ra. Bí ẹ bá wà láàárín ìwọ̀n méjì, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà méjì kún gígùn, ẹ má fi kún fífẹ̀.

3. Ẹ wo bó ṣe ń tẹ̀

Ibí gan-an ni orúnkún ti ń jèrè tàbí pàdánù. Pátákó tó ń tẹ̀ díẹ̀ a gba ìgbì sára kó tó dé gìgísẹ̀ yín. Èyí tó gan kò ní tẹ̀ rárá, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ dípò rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ló ń fa ìyàtọ̀: igi paulownia tí wọ́n fi fáíbà (fọ́nrán dígí) bò sábà máa ń rọ̀ tó, ó sì ń pa ìgbọ̀nrìrì, kábọ́ọ̀nù (fọ́nrán dúdú tó le) máa ń gan, ó ń jẹ́ kí pátákó ta sókè kíákíá, ó sì máa ń jẹ́ kí bíbalẹ̀ dunni. Ẹ má kàn wo orúkọ kábọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ wá sá o. Àwọn kan wà tí kábọ́ọ̀nù wọn kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lọ, tí wọ́n ṣì rọ̀ dáadáa. Iye rẹ̀, ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, àti bí igi inú ṣe nípọn tó ló ń sọ bó ṣe máa rí.

Ẹ dán an wò: ẹ fi ìpẹ̀kun kan lé ilẹ̀ tó rọ̀, ẹ di ìpẹ̀kun kejì mú, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì tàbí mẹ́ta tí gígùn wọn dọ́gba, ìyàtọ̀ á hàn lójú ẹsẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ń wá ni pátákó tí àárín rẹ̀ dúró díẹ̀ tí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì sì rọ̀. Èyí tó rọ̀ látòkè délẹ̀ bíi páálí a máa yọ̀ lórí omi bí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ á wá máa fi agbára ẹsẹ̀ wá ohun tí etí pátákó kò fún yín.

4. Bó ṣe tẹ̀ sókè, àti ìsàlẹ̀ rẹ̀

Orí àti ìdí pátákó máa ń gbé sókè ju àárín lọ. Rocker ni wọ́n ń pe gbígbé yẹn. Ẹ tú lẹbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó dà bíi ti ẹja, kúrò, ẹ gbé e lé ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ mú kí orí àti ìdí ga dọ́gba, kẹ́ ẹ wá fi rúlà wọn àlàfo tó wà lábẹ́ ìpẹ̀kun. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 ló wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Èyí tó kéré sí ìyẹn yára, ó sì ń gòkè dáadáa lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń gún ìgbì. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń gun ìgbì jẹ́jẹ́, ó sì ń balẹ̀ pẹ̀lẹ́, àmọ́ ó lọ́ra. Títẹ̀ tó lọ́ roboto láti orí dé ìdí ló dára fún orúnkún. Àwọn kan wà tí àárín wọn tẹ́ pẹrẹsẹ tí ìpẹ̀kun wọn wá ṣẹ́ sókè lójijì: wọ́n dára fún àwọn tó ń ta sókè láìfi káìtì gbé ara wọn, wọn kò sì mọ àánú nígbà tí wọ́n bá ń balẹ̀.

Ẹ yí i dojú dé, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ pa ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ tó kọ́ sínú díẹ̀ ń rọ bíbalẹ̀ lójú. Ìpẹ̀kun tó ṣe ṣóńṣó bí ìdí ọkọ̀ ojú omi ń la ìgbì sí méjì. Pẹrẹsẹ pátápátá kò wù wá fún omi tó ń ru.

Ní ti lẹbẹ, mẹ́rin ló sábà máa ń wà, gíga wọn sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Ẹ mú èyí tó sún mọ́ 4. Lẹbẹ gíga ń di omi mú jù: bí ẹ bá balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, pátákó á dúró gbagidi, ara yín á ṣì máa lọ, orúnkún tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló sì máa lọ́.

5. Tìmùtìmù ẹsẹ̀ àti ìdè

Pátákó tó dára tí ìdè rẹ̀ kò dára kò yàtọ̀ sí pátákó burúkú. Ẹ wá tìmùtìmù tó nípọn lábẹ́ gìgísẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: bó bá wọlé tí kò tètè padà wú, ó ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tìmùtìmù tó dá gẹ̀rẹ́ sínú díẹ̀ tún lè tu orúnkún lára.

Láti mọ bí ẹsẹ̀ ṣe yẹ kó jìnnà síra, ẹ bẹ́ sílẹ̀ láti orí àga kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹta láìronú sí i, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí ẹsẹ̀ yín balẹ̀ sí. Ìwọ̀n yẹn ni kẹ́ ẹ fi sórí pátákó. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 50 sí 60. Ẹ yí ìka ẹsẹ̀ méjèèjì síta ní dígírì 9 sí 15. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ìdè, ẹ lóṣòó díẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀: ojú orúnkún gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ kejì. Bí orúnkún bá ń ṣubú sínú, ẹ sún ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra ní ihò síkúrù kan, kẹ́ ẹ sì tún un wò. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti ti orúnkún síta kó tó bá ìka ẹsẹ̀ mu, ẹ dín dígírì kù.

Ìdè gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ (òkè rẹ̀, kì í ṣe gìgísẹ̀), kí ìka ẹsẹ̀ yọ síwájú. Bó bá lọ sẹ́yìn dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ti tú jù, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ti ń há nígbà ìṣubú. Bí ìka ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń ká, ó le jù. Ẹsẹ̀ tútù ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, torí omi ń yí ìdúró ẹsẹ̀ padà. Bàtà tí wọ́n ń dè mọ́ pátákó kò yẹ ẹni tí orúnkún ń dùn: kò ní tú sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó tú. Okùn tó so pátákó mọ́ ara, ẹ má fi sí i rárá. Ó máa ń fa pátákó padà wá lu orí ẹni tó ni ín.

Síkúrù M6, èyí tó nípọn ní mìlímítà 6, ni wọ́n sábà fi ń de tìmùtìmù àti ìdè mọ́ pátákó. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó gùn jù, á fọ́ ìdí ihò. Èyí tó kúrú jù á bọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá wà láàárín omi. Síkúrù tó dẹ̀ ń jẹ́ kí tìmùtìmù yí, ẹsẹ̀ a yí tẹ̀ lé e, ẹ kò sì ní mọ̀ títí orúnkún yóò fi sọ fún yín.

6. Ẹ gùn ún kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ yá méjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ fi káìtì kan ṣoṣo gùn wọ́n, ìdajì wákàtí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà láàárín nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n ìyára afẹ́fẹ́) 15 sí 20 tí omi sì ń ru. Omi tó parọ́rọ́ kò ní sọ òtítọ́ fún yín, gbogbo pátákó ló dùn lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gòkè lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kẹ́ ẹ wo bóyá ẹ ní láti na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọọrọ. Ẹ wá sáré kọjá ìgbì, orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fò kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kẹ́ ẹ darí pátákó síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń balẹ̀, ìdí pátákó ni kó kọ́kọ́ kan omi. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa tó sì ṣì ń dunni, pátákó náà ló gan jù.

Bó bá jẹ́ àlòkù ni, ẹ fi ìka kàn án káàkiri: ibi tí ohùn rẹ̀ bá yí padà, fáíbà ti ṣí kúrò lára igi. Ẹ wo ihò síkúrù bóyá ó ti lanu, kẹ́ ẹ tún wo etí rẹ̀ bóyá ó ti ya, torí omi ti wọ inú èyí tó bá ya pẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá rí ìdúró tó bá yín lára mu, ẹ fi máàkà kọ nọ́ńbà ihò àti dígírì rẹ̀ sábẹ́ tìmùtìmù, kó má di pé ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tú u láti fọ iyọ̀ kúrò lára síkúrù.